Bí Ọkùnrin Ṣe Lè Tún Aṣọ Ojoojúmọ́ Rẹ̀ Tò Kí Ìmúra Rẹ̀ Lè Gbayì

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló wà ní Ilé-Ifẹ̀ yìí tí kọ́bọ́ọ̀dù wọn kún dẹ́nu, àmọ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, wọn ò ní rí aṣọ wọ̀. Wọ́n á gba ọjà lọ, wọ́n á ra méjì sí i. Kí oṣù tó yípo, ọ̀rọ̀ á tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé aṣọ wọ́n wọn. Èyí tí wọ́n ní ni kò bá wọn lára mu, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti yòókù lọ, tàbí tí kò rí ìtọ́jú. Ẹni tó bá ń fi aṣọ tuntun wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀, owó ló máa tán, àìsàn ò ní lọ.

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Tíṣà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágeèrè, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wáṣẹ́ lẹ́yìn tó jáde ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀: gbogbo wọn ni wọ́n ń fojú díwọ̀n kí wọ́n tó lanu. Àwọn ni mo kọ èyí fún. Aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ìjáde ojoojúmọ́ la ń sọ. Agbádá àti aṣọ ẹbí ní ọjọ́ tiwọn.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Dígí tó gùn débi tí ẹ ó fi rí ara yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Dígí kékeré tí a fi ń fá irùngbọ̀n kò lè sọ òótọ́ fún yín nípa ṣòkòtò.
- Téèpù tí télọ̀ fi ń wọnra, àti pínnì bíi mẹ́wàá.
- Abẹ́rẹ́, òwú dúdú, òwú funfun, òwú búlúù, àti àwọn bọ́tìnì tí ẹ tú lára aṣọ àtijọ́.
- Ìwé àti bírò.
- Àpò ńlá méjì.
- Hángà tó nípọn. Hángà wáyà tín-ín-rín máa ń yọ ìwo sí èjìká aṣọ.
- Áyọ́ọ̀nù, búrọ́ọ̀ṣì bàtà, pólíṣì.
- Àárọ̀ Sátidé kan tí kò sí òde.

Ẹ má fi owó ọjà kún un. Ọjà ṣì jìnnà.

1. Ẹ kó gbogbo aṣọ jáde

Gbogbo ẹ̀ pátá: èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tó ti ń sùn nínú báàgì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọdún Iléyá. Ẹ dà wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì máa wọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú dígí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa pín sí. Èyí tó bá yín mu tí ojú rẹ̀ ṣì dára, ẹ gbé e kọ́. Èyí tó dára àmọ́ tó fẹ́ àtúnṣe, ẹ kó o sí àpò kìíní. Èyí tó ti ṣá, tó ti gbó ní ọrùn, tàbí tí kò ní í wọlé mọ́, ẹ kó o sí àpò kejì kí ẹ lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Èyí tó ti fàya pátápátá ni ẹ ó gé di àkísà tí ẹ ó fi máa nu bàtà.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣìnà ni kí wọ́n máa fi ojú lásán yan aṣọ, wọn ò ní wọ̀ ọ́. Aṣọ tó wà lórí hángà kò lè sọ bó ṣe máa rí lára. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ "mo ṣì máa fọn sí i". Ẹni tó bá fọn, á ra aṣọ nígbà tó bá fọn. Ara tí ẹ ní lónìí ni kí ẹ wọṣọ fún.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kò gbọdọ̀ sí aṣọ kan lórí hángà tí ẹ kò wọ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, kí ẹ sì de bọ́tìnì rẹ̀ tán.

2. Ẹ wo bí aṣọ ṣe jókòó lára

Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Àwọn àgbà ní gèlè ò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò dà bíi kó yẹni. Ṣẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n tó jókòó sí èjìká dáadáa máa gbé ọkùnrin níyì ju olówó ńlá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èjìká. Ojú rírán tí apá ti bá ara ṣẹ́ẹ̀tì pàdé gbọ́dọ̀ wà ní góńgó egungun èjìká. Tó bá já wálẹ̀ sí apá, aṣọ tóbi. Tó bá ń gun ọ̀nà ọrùn lọ, ó kéré. Lẹ́yìn náà, ẹ de bọ́tìnì ọrùn, kí ẹ ki ìka méjì bọ̀ ọ́. Tí ìka méjì bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ọrùn dára. Tí ọwọ́ odidi bá wọlé, ọrùn ti tóbi jù, táì kankan ò ní lè bo àṣírí ẹ̀. Ẹ wo àyà: tí àlàfo bá ń ṣí láàárín bọ́tìnì méjì nígbà tí ẹ bá jókòó, aṣọ ti há. Apá gígùn gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọrùn ọwọ́ ti bá àtẹ́lẹwọ́ pàdé, kó má bo ìka. Ẹ wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń kọ nǹkan sójú pátákó. Tí ṣẹ́ẹ̀tì bá fà jáde pátápátá nínú ṣòkòtò, ó kúrú, ìta ṣòkòtò nìkan ni ẹ ti lè máa wọ̀ ọ́.

Ṣòkòtò ńkọ́? Ẹ bọ́ bẹ́líìtì kúrò. Ṣòkòtò tó bá wọ́ lọ sílẹ̀ láìsí bẹ́líìtì ti tóbi ní ìbàdí. Bẹ́líìtì tí ẹ bá fi fún un, ṣe ló máa ká a jọ bí ẹnu àpò ìrẹsì, gbogbo ayé ló sì máa rí i láti ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹnu àpò ẹ̀gbẹ́: tó bá ń yanu, ìdí ti há. Ní ìsàlẹ̀, kí etí ṣòkòtò kan orí bàtà díẹ̀, kó ká ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó ń rọ̀ gbà-ǹ-gbà lé bàtà, tó ń gbá ilẹ̀ pupa yìí kiri lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kò ní pẹ́ ya létí.

Ti bùbá, kàftáànì àti sẹ́nétọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Èjìká ṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gígùn ẹ̀wù sẹ́nétọ̀ tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún ló ń jẹ́ kí ọkùnrin kúkúrú rí gíga. Tó bá kọjá orúnkún lọ, ó máa tún gé e kúrú sí i.

Bí ẹ ti ń wò wọ́n, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé: "Ṣòkòtò dúdú, dín ìbàdí kù íǹṣì 2. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, gé apá íǹṣì 1."

Ìkìlọ̀ kan tó máa gba yín lọ́wọ́ ìnáwó òfo: àwọn nǹkan kan wà tí télọ̀ lè tún ṣe pẹ̀lú owó díẹ̀, àwọn kan wà tí kò yẹ kí ẹ dán wò. Gígé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, dídín ìbàdí kù, gígé apá, fífún ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀, gbogbo ìyẹn rọrùn. Èjìká tó tóbi tàbí tó kéré, abẹ́ apá tó há, àárín itan tó ń fún ni, ẹ gbà pé wọ́n ti lọ, ẹ fi wọ́n ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Títú aṣọ sí i kó lè fẹ̀ ṣeé ṣe kìkì tí aṣọ bá ṣẹ́ kù nínú ojú rírán. Ẹ yí i padà kí ẹ wò ó kí ẹ tó gbé e jáde.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ de okùn bàtà. Aṣọ tó bá jẹ́ kí ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ tún un fà, ti bá yín mu.

3. Ẹ gbé àpò àtúnṣe lọ fún télọ̀

Ẹ fọ aṣọ kọ́tìnnì kí wọ́n tó gé e, torí pé kọ́tìnnì máa ń sún kì. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí wọ́n gé láìfọ̀ lè di ti ọmọ iléèwé lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi pínnì dè é síbi tí ẹ fẹ́ kó dé, pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa wọ̀ sí i lẹ́sẹ̀ yín. Kí wọ́n ká nǹkan bí íǹṣì 1 ààbọ̀ sínú, kí wọ́n má gé e dànù, torí ọ̀la.

Obíọmà tó ń gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká, tó ń fi sísọ́ọ̀sì lu ara ẹ̀rọ kọjá níwájú ilé, ó tó fún ẹsẹ̀ ṣòkòtò àti síìpù tó bàjẹ́. Ìbàdí àti ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e lọ fún télọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń de etí aṣọ kó má baà tú. Bọ́tìnì, ẹ rán an fúnra yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọ̀ ọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wò ó.

4. Ẹ yan àwọ̀ tó bára lọ

Èyí ò gba àkókò. Ṣòkòtò mẹ́ta: dúdú, búlúù tó ṣú, àti àwọ̀ eérú. Ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó máa bá gbogbo wọn lọ: funfun méjì, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ní ìlà tín-ín-rín kan, àti ọ̀kan tó wù yín. Mẹ́ta lọ́nà márùn-ún, ìmúra 15 nìyẹn. Ẹ fi sẹ́nétọ̀ tàbí bùbá àti ṣòkòtò méjì kún un fún ọjọ́ Ẹtì, ó ti tó.

Ẹ yẹra fún ṣòkòtò funfun tàbí àwọ̀ ẹyin fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Eruku ilẹ̀ pupa wa kò ní jẹ́ kó dé ọ̀sán, pàápàá fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ di ojú, ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì kan àti ṣòkòtò kan. Tí méjèèjì ò bá ṣeé wọ̀ pọ̀, ọ̀kan nínú wọn kò yẹ kó wà níbẹ̀.

5. Ọjà ti yá

Ẹ kọ èyí tí ẹ kò tíì ní nínú àwọn aṣọ tí a kà ní ìpele 4 sínú ìwé yín, òun nìkan ni kí ẹ lọ rà. Bọ́síkọ̀nà, ìyẹn òkìrìkà, kì í ṣe ìtìjú rárá. Ṣẹ́ẹ̀tì kọ́tìnnì tó nípọn tí ẹ máa rí nínú òkìrìkà dára ju ọ̀pọ̀ tuntun inú ọ̀rá tó ń tàn yanran lọ. Ẹ bi oníṣòwò ọjọ́ tó máa ń tú béèlì, kí ẹ sì tètè débẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ohun tó bá kù di ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹlòmíràn ti ṣà á kọjá ni.

Ẹ mú aṣọ jáde sójú oòrùn kí ẹ tó dá iye sí i. Nínú òjìji ṣọ́ọ̀bù, búlúù tó ṣú àti dúdú ò yàtọ̀, àbàwọ́n ò sì hàn. Ẹ wo abẹ́ apá àti inú ọrùn bóyá ó ti pọ́n. Ẹ wo àárín itan àti igbọ̀nwọ́ bóyá ó ti fẹ́lẹ́: ẹ nà án síwájú ìmọ́lẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbì kan ju ibòmíràn lọ, ẹ dá a padà. Ẹ fa síìpù lọ sókè sódò. Ẹ ka bọ́tìnì. Téèpù tí ẹ mú látilé ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, ẹ má gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ọrùn gbọ́. Aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ti lè sún kì kúrò lórí nọ́ńbà rẹ̀, ti ilẹ̀ òkèèrè kan kì í sì í bá ti òmíràn dọ́gba.

Tí ẹ bá ń ra aṣọ gígé tí ẹ fẹ́ rán, tí oníṣòwò sì ń pe gbogbo ẹ̀ ní kọ́tìnnì, ẹ ní kó fún yín ní fọ́nrán òwú kan létí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi nǹkan irin mú un lórí àwo, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú kọ́tìnnì máa jó bí ìwé, á rùn bí ìwé tó jó, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lẹ́bú lọ́wọ́. Pọlisítà máa ká kò, á yọ́, á di kókó dúdú líle bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Àdàlù méjèèjì ò burú fún ṣòkòtò, kì í tètè run. Àmọ́ ṣẹ́ẹ̀tì pọlisítà lásán nínú ooru oṣù Kẹta, ẹni tó wọ̀ ọ́ máa ròyìn.

Ẹni tó bá ń wá aṣọ gígé lọ́pọ̀, ó lè dé Ọjà Àtakúnmọ̀sà ní Iléṣà. Ẹ nájà dáadáa o, ìlú àwọn Òṣómàálò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta aṣọ. Kí wọ́n wọn yáàdì níṣojú yín: yáàdì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 36.

Òkìrìkà tí ẹ bá rà, ẹ má wọ̀ ọ́ láìfọ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ tí aṣọ bá lè gbà á, ẹ sá a sí oòrùn kó gbẹ dénú, ẹ wá lọ̀ ọ́ títí kan ojú rírán.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo ohun tí ẹ rà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Èyí tí kò sí níbẹ̀, ojú ló rà á.

6. Ẹ rán èyí tó kù

Fún ọkùnrin tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n, yáàdì 4 aṣọ tó fẹ̀ tó íǹṣì 58 sí 60 ló sábà máa ń tó sẹ́nétọ̀ àti ṣòkòtò rẹ̀. Ẹni gíga tàbí ẹni tó sanra á fi ìdajì tàbí yáàdì kan kún un. Àǹkárá kéré ní fífẹ̀, ẹ má fi iye kan náà ṣírò rẹ̀. Ẹ rẹ kọ́tìnnì àti àǹkárá sómi mọ́jú kí ẹ tó gbé e fún télọ̀. Àdìrẹ, ẹ fọ òun nìkan, torí àró máa ń ṣàn.

Télọ̀ tó dára máa wọn ara yín fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi aṣọ àtijọ́ yín ṣe ìwọ̀n, pàápàá tó bá jẹ́ pé aṣọ yẹn náà kò bá yín mu. Ẹ dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró, ẹ má fa ikùn mọ́ra. Tí ẹ bá ń gbé fóònù ńlá sápò, ẹ sọ fún un kó lè jẹ́ kí àpò jìn. Ẹ jẹ́ kó kọ ohun tí ẹ jọ sọ sílẹ̀: irú ọrùn, gígùn, fífẹ̀ ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò ní íǹṣì. "Ṣe é bíi ti ọjọ́ yẹn" ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ dá ọjọ́ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ gan-an, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀ láìsan. Tó bá dọjọ́ gbígbà:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò níbí ná."

"Ọ̀gá, mo ti lọ̀ ọ́, mo ti ká a o."

"Mo rí i, ẹ ṣeun. N óò kàn wọ ẹ̀wù àti ṣòkòtò, kò ní pẹ́."

Ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ gbọ́wọ́ sókè, kí ẹ jókòó sórí àga rẹ̀. Télọ̀ tó mọṣẹ́ kò ní bínú. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó, ó lè tún un ṣe níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ àti òwú ṣì wà níwájú rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ yí aṣọ sí òdì. Etí gbogbo gbọ́dọ̀ wà ní dídè, òwú ò gbọdọ̀ máa fò kiri, kọ́là ò sì gbọdọ̀ wú bí aṣọ tí omi wọ̀.

7. Bàtà àti bẹ́líìtì

Bàtà méjì tó: dúdú kan, búráùn kan. Àwọ̀ bẹ́líìtì kí ó bá ti bàtà mu. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọ̀sán. Èyí tó bá há ní ìrọ̀lẹ́, á há títí láé. Ẹ má wọ bàtà awọ kan náà lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ó nílò ọjọ́ kan kí òógùn inú rẹ̀ gbẹ. Tí òjò bá pa á, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tàbí sójú oòrùn gan-an, awọ á sán. Páàmù tó mọ́ dára sí aṣọ ìbílẹ̀. Kì í ṣe ti ṣòkòtò ọ́fíìsì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wo gìgísẹ̀ láti ẹ̀yìn. Tó bá ti jẹ apá kan, ẹ gbé e fún aránbàtà kó tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

8. Fífọ̀, lílọ̀ àti kíkọ́

Ẹ yí aṣọ dúdú àti aláwọ̀ sí òdì kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sí ìbòòji. Oòrùn ló ń pa àwọ̀ rẹ̀. Funfun nìkan ni oòrùn ò ṣe nǹkan kan fún. Abẹ́ apá tó ti pọ́n, ẹ má da háípò sí i, ó lè jẹ́ kó túbọ̀ pọ́n. Omi, ọṣẹ àti sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó ni kí ẹ pò pọ̀, kí ẹ fi kùn ún, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ má sì da háípò pọ̀ mọ́ fínígà láé, èéfín rẹ̀ ń pani lára.

Ẹ lọ kọ́tìnnì nígbà tó ṣì rọ̀ díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kọ́là, láti ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì wá sí àárín, kí ìká má baà kó sí ẹnu rẹ̀. Ẹ lọ ọrùn ọwọ́, apá, kí ẹ wá lọ ara. Pọlisítà ò fẹ́ iná gbígbóná. Ṣòkòtò dúdú, ẹ tẹ́ aṣọ kọ́tìnnì fẹ́lẹ́ lé e lórí kí ẹ tó lọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dán bí ìdí ìkòkò. Iná ọba ò ní dúró de ẹnikẹ́ni ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí náà nígbàkígbà tí wọ́n bá mú un wá lópin ọ̀sẹ̀, ẹ lọ aṣọ ọjọ́ márùn-ún pọ̀. Ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tó jọ ń lọ kọ́ hángà kan náà, ẹ jẹ́ kí àlàfo wà láàárín hángà kan sí èkejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, hángà márààrún gbọ́dọ̀ ti ṣófo. Èyí tí ẹ fò láìwọ̀, ẹ gbé e lọ síwájú dígí, kí ẹ tún un wò láti èjìká.